Ibi tútù wo ló wà ní Òṣogbo tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé, tí a ó gbé oúnjẹ lọ́wọ́?

Ìyá Tèmídire béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òròkí. Àbúrò ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á sì lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ògo Olúwa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn igi àti ewé débi pé tí wọ́n bá dé ilé èèyàn, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ wò kí wọ́n tó jókòó sí pálọ̀. Èmi, àwọn, àti àwọn ọmọ mi méjèèjì la fẹ́ jọ jáde láàárọ̀ Sátidé. A ò fẹ́ gbé mọ́tò. Dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn, wọ́n sì ń rìn dáadáa, àmọ́ òkè gíga ni wọn ò lè gùn.

Igbó Ọ̀ṣun ni gbogbo èèyàn tí mo bi léèrè ń dárúkọ. Mo mọ ibẹ̀, àwọn ọmọ náà ti bá ilé ìwé wọn lọ. Ṣùgbọ́n díákónẹ́ẹ̀sì ni màmá, wọ́n sì ti sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé àwọn ò ní wọ ojúbọ. Mi ò fẹ́ bá wọn jiyàn rárá. Ibi kéékèèké tí àlejò kì í sábà dé ni mò ń wá, ibi tí igi wà, tí a lè tẹ́ ẹní sí, ká jẹun, ká sinmi, ká tún dìde máa rìn lọ. Ṣé irú ibẹ̀ ṣì wà láàárín ìlú, àbí ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kù? Ẹ bá mi sọ oúnjẹ tó dáa láti gbé pẹ̀lú, èyí tí kò ní bàjẹ́ tó fi máa di ọ̀sán.

Ọmọ Ojú Irin dáhùn:

Ẹ kú ìmúra àlejò, mà. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi yín pé kí lẹ wá ṣe, Freedom Park tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè, ní Old Garage, ni kí ẹ lọ. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ibẹ̀ máa ń dákẹ́. Ẹ kàn kọ́kọ́ wádìí bóyá ayẹyẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí tí wọ́n bá ti gbé lásípíkà kalẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín.

Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin. Kí 1910 tó dé ni irin ti wọ Òṣogbo, òun ló sì sọ ìlú yìí di ibi tí àwọn oníṣòwò ń wọ́ wá. Ẹ lè jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, kí màmá sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́ fún àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ti Ìbàdàn á pọ̀ lẹ́nu wọn.

Ọmọ Aláró dáhùn:

Ìyá Tèmídire, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn, torí ọ̀rọ̀ ọgbà Òṣogbo jẹ mí lógún gan-an ni.

Kì í ṣe ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan ló kù. Ọgbà pọ̀ nílùú yìí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà. Wọn ò ní géètì, wọn ò ní pátákó, ẹnikẹ́ni ò sì ní já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Ìkíni lẹ ó fi wọlé. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ tó wà láti Ọjà Ọba títí wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ ló ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé tí ìyá àgbà kan ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni kí ẹ mú màmá lọ. Ohun tí bọ̀dá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi wí dáa, ẹ lè fi Freedom Park sí ọjọ́ mìíràn tí àwọn ọmọ bá fẹ́ sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé kó tó jókòó sí pálọ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ni kí ẹ fi ṣe é lálejò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níwájú Ààfin Àtáọ́ja kí aago méje tó lù. Nílẹ̀ wa, igi iwájú ààfin àti iwájú ilé ìjòyè kì í ṣàdédé hù. Òdán ni wọ́n ń gbìn fún òjìji, akòko fún oyè, pèrègún fún ààlà. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa fojú wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ bá ṣe ń lọ. Ewé akòko ni wọ́n ń fi sí ọba àti ìjòyè lórí lọ́jọ́ ìwúyè, kí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, kó má jẹ́ orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń rí ewé.

Láti ibẹ̀, ẹ yà sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àwọn agbo ilé. Tí ẹ bá rí ìyá tó ń gbálẹ̀, ẹ dúró kí i. “Ẹ kú àárọ̀, mà, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Àlejò ni wá, a fẹ́ràn ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wo ẹ̀yìnkùlé yín díẹ̀?” Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn sọ ọ́. Àgbà tó bá kí àgbà báyìí, ilẹ̀kùn máa ń ṣí. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn, ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá lọ, agbo ilé mìíràn wà níwájú.

Ewúro tó ti di igi, efinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìbẹ́pẹ kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí: àwọn wọ̀nyí ni ojú yín á kọ́kọ́ rí. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìdí ìkòkò omi. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró báyìí, rinrin á wà níbẹ̀. Ewé rẹ̀ kéré, ó rí bí ọkàn, igi rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ. Òdúndún kì í jìnnà sí i. Ẹni tó gbìn wọ́n lè má ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbà rárá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í ní ìdí tí ewé kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà, á dáhùn láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ewé tí mo fẹ́ kí ẹ rí ju gbogbo wọn lọ ni èlú. Aláró ni ìyá mi, aláró ni ìyá tó bí wọn. Òṣogbo ìlú aró ni wá, ìtàn ìlú wa pàápàá kò yọ ìkòkò aró sílẹ̀. Nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ dé etí odò, tí wọ́n gé igi láti tẹ̀dó, igi wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde látinú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Gbogbo ọmọ ìlú yìí ló gbọ́ ìtàn yẹn dàgbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ewé èlú wá síwájú ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, a ò ní dá a mọ̀. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ti ń lo aró inú agolo jù, ẹni tó ń gbin èlú sì ń dín kù. Ó ń dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Ẹ yà lọ́dọ̀ mi, kí ẹ wá wò ó.

Tí a bá fi èlú sílẹ̀, á gun igi mìíràn lọ sókè. Tí a bá ń gé e, á dúró bí igbó kékeré. Ewé tuntun là ń já, èyí tó ṣì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ewé kan péré, kí wọ́n rún un láàárín ìka méjì, kí wọ́n sì na ọwọ́ síta. Ní àkọ́kọ́, omi ewé lásán ló máa jọ. Kí ẹ tó rìn dé ìkángun àdúgbò, ojú ìka á ti máa ṣú, á máa di aró díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Bí aṣọ náà ṣe ń ṣe nìyẹn: nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú ìkòkò, ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, a ò sì ní tíì nà án tán lórí okùn tí á fi máa di aró lójú wa. Ewé yìí náà la ń gún nínú odó, tí a ń ṣù, tí a ń sá gbẹ. Omi tí a sẹ́ látinú eérú la fi ń rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan, títí á fi kan dáadáa. Tíṣà ni màmá, wọ́n á gbádùn àlàyé yẹn.

Ní ti Igbó Ọ̀ṣun, ìpinnu màmá tọ́ sí wọn, ẹ má rọ̀ wọ́n. Ẹ ṣì lè fẹsẹ̀ rìn gba ojú ọ̀nà tó ń lọ síbẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilẹ̀ ibẹ̀ rọra ń dà lọ sódò ni, kò sí òkè láti gùn ní àlọ. Ẹ ó rí ògiri sìmẹ́ńtì tí àwọn oníṣẹ́ ọnà mọ láti ìta. Ẹ ó rí orí àwọn igi ńlá náà pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti ibẹ̀ wá á sì kàn yín. Níbi tí ẹ bá dúró sí yẹn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé díẹ̀ ló kù kí igi wọ̀nyẹn lọ. Ní nǹkan bí 1950 sí 1960, wọ́n ti ń gé wọn, wọ́n ti ń gbin igi tíìkì sí apá kan, àwọn tó ń ṣọdẹ ń wọlé. Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère, àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Ògiri yí igbó ká, ère dúró síbi tí àáké ìbá ti wọlé. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó lè gba gbogbo hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin (75), ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Irú igi àti ewé tó wà nínú rẹ̀ lé ní 400, èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe oògùn nínú wọn sì lé ní 200. Màmá ò ní láti wọ ojúbọ kí wọ́n tó dúpẹ́ pé igi wọ̀nyẹn ṣì wà.

Ẹ má ṣí oúnjẹ yín nítòsí igbó o. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, tí wọ́n bá gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù á ba àwọn ọmọ. Ọ̀bọ tó bá sì ti ń jẹun lọ́wọ́ èèyàn kì í wá oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó dáadáa mọ́.

Oúnjẹ wá kù. Mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ ni kí ẹ gbé. Ẹ sè é láàárọ̀ yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìdérí bò ó pa nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, ohun tó máa ń jẹ́ kó kan nìyẹn. Ẹja yíyan díẹ̀, ọsàn tí ẹ ti bó, omi púpọ̀. Mi ò ní kí ẹ gbé ìrẹsì ọlọ́bẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín ò ní láti padà bá yín délé: ẹni tó ni ẹ̀yìnkùlé á fi í sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́ta sí i fún onílé, ẹ má jẹun níwájú rẹ̀ láìfún un.

Túndé Olódòdó dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, mà. Igi òdòdó inú nylon dúdú ni mò ń tà lẹ́bàá títì, mo sì fara mọ́ ohun tí màmá aláró sọ, yàtọ̀ sí ẹyọ kan. Ọjọ́ Sátidé, agbègbè Ọjà Ọba kì í ṣe ibi tí àgbà àti ọmọdé á máa fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, bárò, gbogbo wọn ló ń fún ara wọn lójú ọ̀nà. Èmi ìbá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ má dé ọjà rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé ẹni láìgba àṣẹ. Balùwẹ̀ àwọn mìíràn wà níbẹ̀, aṣọ wọn wà lórí okùn. Ẹ má sì já ẹ̀ka kankan láti lọ gbìn, àfi tí onílé bá fún yín fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ fi aṣọ tútù wé ìdí rẹ̀, kó má rọ kó tó dé Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta, tí ẹ bá dé etí omi níbikíbi, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tọwọ́ bọ odò Ọ̀ṣun. Láti bí ọdún mélòó kan ni omi náà ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa wúrà ní apá òkè odò, ìjọba sì ti kìlọ̀ pé ká má mu ún. Ìbànújẹ́ ńlá ni fún gbogbo wa.

Ìyá Tèmídire dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá lórí fóònù lálẹ́ àná. Èlú yẹn ló mú wọn lọ́kàn. Wọ́n ní ìyá àwọn náà máa ń fi ọwọ́ dúdú dé láti ọjà, pé kò sẹ́ni tó fi ewé náà han àwọn rí. Ti igbó, wọ́n ní àwọn á dúró lójú ọ̀nà, àwọn á sì wo igi.

Màmá Aláró, ẹ dákun, ohun méjì ló kù. Ọmọ mi kejì ní ikọ́ fée (asthma), òórùn líle àti èéfín máa ń dà á láàmú. Ṣé ìkòkò aró wà nítòsí ibi tí èlú wà? Ẹ̀ẹ̀kejì, ibi tí bọ̀dá olódòdó sọ nípa ọjà, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Aláró dáhùn:

Ọmọ mi, òótọ́ ni Túndé sọ nípa ọjà, àmọ́ wákàtí ló yàtọ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn ọlọ́jà ṣì ń tú ẹrù, èèyàn ṣì lè rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè ni pé ọ̀nà ń dà sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ màmá á lè gbà á. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á máa gun òkè padà nígbà tí oòrùn bá ti mú. Tí ẹ bá jí pẹ́, ẹ fi ààfin sílẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ gbé yín dé ìbẹ̀rẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ máa ti ibẹ̀ rìn bọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ni kí ẹ wọ̀ padà sílé, ẹ má rìn ín.

Ní ti ọmọ, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìkòkò aró tó ti kan ní òórùn tó le gan-an, ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ dúró tì í. Níbi tèmi, èlú wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn igi ọsàn, ìkòkò wà ní ìkángun kejì, mo sì máa dé wọn pa lọ́jọ́ náà. Mi ò ní sun igi fún eérú láàárọ̀ yẹn. Tí ẹ bá wọ agbo ilé mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń dáná eérú tàbí wọ́n ń pa aró lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti màmá lè wọlé, kí ẹ̀yin àtòun dúró síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má gbàgbé oògùn tó ń fà símú sílé, inú àpò tiyín ni kó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ.

Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn mi láti jẹun. Mo ti kọ bí ẹ ó ṣe dé ilé mi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ má gbé ẹ̀kọ wá, mà á ra ti àárọ̀ sílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín nìkan ni kí ẹ sè, ẹ má fi ata pọ̀ jù nítorí àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún màmá pé mo ti fi ẹ̀ka èlú kan sínú agolo fún wọn, ó ti ta gbòǹgbò. Ibi tí oòrùn ti ń kan ilẹ̀ láàárọ̀ ni kí wọ́n gbìn ín sí n'Ìbàdàn, kí wọ́n sì ri ọ̀pá kan sí ìdí rẹ̀ tó lè gùn.